Mé è

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé àpò wíìgì Lọ́yà Médáyédù,
àpò aláwọ̀ aró tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún kejì,
láti Kàbà dé Ìsánlú, dé Mọ̀pà, dé Ẹ̀gbẹ̀,
níbi tí kóòtù jẹ́ yàrá mẹ́ta àti igi kajú kan
tí ẹlẹ́jọ́ àti ọ̀tá rẹ̀ jọ ń pín ìbòòji rẹ̀.

Kì í pariwo.
Adájọ́ á ní, "Ẹ gbóhùn sókè, Lọ́yà."
Á ní, "Olúwa mi, ẹ̀rí ni kó pariwo."

Ẹjọ́ ààlà ló pọ̀ jù.
A tẹ̀ lé àgbà méjì wọ oko kọfí l'Ógìdì
lọ wo òkúta tí wọ́n ní baba ńlá wọn rì síbẹ̀.
Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ tòun ti kóòtù dúdú lọ́rùn,
ó yí òkúta náà padà, ó wo abẹ́ rẹ̀:
koríko tútù.
"Baba ńlá yín mà tètè jí lónìí o."
Iṣu mẹ́fà ni wọ́n fi sanwó iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan ti jẹrà.

Ṣùgbọ́n ọdún tí ọyẹ́ bá wa wọ oṣù kẹta,
wọ́n bá òkú lẹ́bàá odò n'Íyàmoyè,
wọ́n sì mú Ọlọ́runyọmí, ọmọ ọdún méjìlélógún.
Kọ́pọ́rà tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti wá.
Ọmọ náà ní, "Mé è pa á."
Kọ́pọ́rà kọ ọ́: Mo pa á.
Wọ́n ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú tàdáwà,
wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

A pàdánù rẹ̀ ní Kàbà.
Ìyá rẹ̀ ò sunkún,
ó kàn bi mí bóyá wọ́n á dá bàtà ọmọ òun padà.

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ilé ẹjọ́ yẹn ní kòtẹ́milọ́rùn
mọ ohun tó ń wí.
Ọ̀rọ̀ ọrùn ni.

Òru la fi wa Píjò lọ sí Kàdúná,
fáìlì lórí itan mi, gààrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi,
Lọ́yà ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún wíńdò títí ilẹ̀ fi mọ́.
Adájọ́ mẹ́ta jókòó.
Ó ní, "Ẹ̀yin olúwa mi, níbi tí wọ́n ti bí mi,
bí a bá fẹ́ sọ pé mi ò, mé è là ń wí.
Ẹ wo orúkọ mi nínú ìwé yín.
Bàbá mi ní òun nìkan kọ́ ló ń du ayé.
Bí mé bá jẹ́ mo,
a jẹ́ pé òun nìkan ló ń dù ú,
ó sì parọ́ lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ìkómọ mi."
Èyí tó wà lápá òsì rẹ́rìn-ín.
Ti àárín ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó tún ojú ìwé yẹn ṣí.

Ọlọ́runyọmí ń ta síméǹtì báyìí. Ó ti pá lórí.

Ẹ má rò pé Lọ́yà máa ń sọ ìtàn yìí.
Èmi ni mò ń sọ ọ́.
Òun ti pé ọgọ́rin ọdún ó lé, ó ń jókòó ní fàráńdà,
ikán ti jẹ fáìlì dé ìdajì,
fáìlì kan ṣoṣo ló sì máa ń ní kí n mú wá,
ti Ṣúbúlọlá, èyí tó ṣáájú,
tí a pàdánù, tí a kò pè lẹ́jọ́ mọ́
torí pé owó ìwé ò pé.
Ó ń fọwọ́ wá ojú ìwé tó ní àmì àtàǹpàkò.
"Kí ni ọmọ yẹn sọ gan-an?"
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò bi í."

Iná lọ. Mo lọ wá àtùpà.
Nígbà tí mo dé, ó ṣì ń ka ìwé náà
nínú òkùnkùn.